Ṣé Ká Máa Gbé Bí Ẹni Tó Ń Kú Lọ́la Ni, Àbí Bí Ẹni Tó Máa Pẹ́?

Ọ̀rọ̀ méjì ni Kristẹni máa ń gbọ́ nípa bí ayé rẹ̀ ṣe máa gùn tó, ó sì lè gbọ́ méjèèjì nínú ìsìn kan ṣoṣo. Ẹni tó ń darí àdúrà á ní, "O ò ní kú ní rèwerèwe, wàá dàgbà, wàá dogbó," ìjọ á ké àmín. Kò ní pẹ́ tí oníwàásù fi máa bọ́ síwájú, á ní, "Bí ọlọ́jọ́ bá dé lálẹ́ òní ńkọ́?" Gbogbo ilé á pa rọ́rọ́. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, tó ń rò ó bóyá kóun padà sílé ẹ̀kọ́, bóyá kóun bẹ̀rẹ̀ ilé kíkọ́, bóyá kóun lọ bá ẹ̀gbọ́n òun tí wọn kì í kí ara wọn mọ́, ò wá mọ èyí tóun máa mú dání nínú méjèèjì.

Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ ló ń da èèyàn láàmú. Ìmọ̀ràn pé ká máa lo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bíi pé òun ló kẹ́yìn dùn-ún gbọ́ létí, àmọ́ kò ṣeé tẹ̀ lé. Ẹni tó mọ̀ dájú pé òun ò ní jí lọ́la ò ní fọ aṣọ, kò ní sanwó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, kò ní gbin nǹkan kan. Bí gbogbo ìjọ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan péré, ebi á bẹ̀rẹ̀. Bíbélì ò gba ẹnikẹ́ni nírú ìmọ̀ràn yẹn. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó na ẹsẹ̀ nítorí pé ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú. Ìbéèrè tó máa ń bi èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ kan iye ọjọ́ rárá: iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ lónìí yìí, ta lo ń ṣe é fún, ṣé o sì ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ọdún 70 tí gbogbo èèyàn mọ̀ sórí. Sáàmù 90:10 ló sọ pé ọjọ́ ayé wa jẹ́ 70 ọdún, bí agbára bá sì wà, 80. Àwọn kan mú un bí ìwé àdéhùn, débi pé bí ẹnì kan bá kú ní ẹni 50 ọdún, wọ́n á ní wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ní 20. Àmọ́ àkọlé sáàmù náà sọ pé àdúrà Mósè ni, Mósè fúnra rẹ̀ sì lo 120 ọdún láyé (Diutarónómì 34:7). Ẹni tó ń dárò ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá tiẹ̀ rìn jìnnà pàápàá, làálàá àti ìbànújẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wéré ló sì ń kọjá lọ. Nígbà tó wá dé ẹsẹ 12, ó bẹ Ọlọ́run pé kó kọ́ wa láti máa ka ọjọ́ wa, ká lè ní ọkàn tó gbọ́n. Kò ní kí Ọlọ́run sọ iye tó kù fún wa o. Ó jọ pé ó mọ̀ pé iye yẹn ò lè sọ ẹnikẹ́ni di ọlọ́gbọ́n.

Ẹ̀rí ìyẹn wà nínú Bíbélì, torí ọba kan wà tó mọ iye ọdún tó kù fún un gan-an. Hesekáyà ọba Júdà ni, ìtàn rẹ̀ wà nínú 2 Àwọn Ọba 20. Ó ṣàìsàn dójú ikú, wòlíì Àìsáyà wá bá a, ó ní, "Palẹ̀ ilé rẹ mọ́, nítorí ìwọ yóò kú." Hesekáyà kọjú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sunkún gan-an. Àìsáyà ò tíì jáde tán láàfin tí ọ̀rọ̀ fi yí padà: wọ́n fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n mú ìṣù èso ọ̀pọ̀tọ́, wọ́n fi lé oówo tó wà lára rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá.

A máa ń sọ pé, "Ká ní mo mọ iye ọdún tó kù fún mi ni, ǹ bá ṣètò ayé mi dáadáa." Hesekáyà mọ̀ ọ́n. Kí ló wá fi ṣe? Àwọn ìránṣẹ́ dé láti Bábílónì pẹ̀lú ìwé àti ẹ̀bùn, torí ọba wọn gbọ́ pé ó ṣàìsàn. Hesekáyà mú wọn káàkiri ilé ìṣúra rẹ̀: fàdákà, wúrà, èròjà olóòórùn dídùn, òróró iyebíye, ilé ohun ìjà. Nígbà tí Àìsáyà bi í pé kí ni wọ́n rí, ó dáhùn pé kò sí nǹkan kan tóun ò fi hàn wọ́n. Wòlíì ní ọjọ́ ń bọ̀ tí gbogbo rẹ̀ máa di ti Bábílónì, tí wọ́n á sì kó nínú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Èsì tí ọba fọ̀ ló ń ṣe mí ní kàyéfì jù: ó ní ọ̀rọ̀ Olúwa dára, àlàáfíà á ṣáà wà nígbà tòun. Ó ti wá di pé òpin ọdún 15 yẹn lojú rẹ̀ ń mọ. 2 Kíróníkà 32:25 sọ pé kò fi ìmoore hàn bó ṣe yẹ, ọkàn rẹ̀ gbéra ga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ tó tẹ̀ lé e sọ pé ó padà rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Mánásè ọmọ rẹ̀ ló jọba lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún 12 sì ni. Bí a bá ka ọdún náà bó ṣe wà nínú ìwé, inú àfikún 15 yẹn ni wọ́n bí i. Mánásè lo ọdún 55 lórí ìtẹ́, kò sí ọba Júdà kankan tó pẹ́ tó o, òun náà ló sì ta ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ sílẹ̀ títí Jerúsálẹ́mù fi kún fún un. Jòsáyà, ọmọ ọmọ rẹ̀, gorí ìtẹ́ ní ọmọ ọdún 8. Òun ló tún tẹ́ńpìlì ṣe, tó kó àwọn òrìṣà dà nù, tó fa aṣọ rẹ̀ ya nígbà tó gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé Òfin. Àwọn tafàtafà ta á lọ́fà ní Mẹ́gídò, ó sì kú ní ẹni ọdún 39. Ẹni tó bá ń fi iye ọdún wọn ìwà rere á ní Mánásè ló ṣe dáadáa jù. (Kí n má ṣàbòsí: Mánásè ronú pìwà dà lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀, Mátíù sì ka òun àti Jòsáyà mọ́ ìlà ìdílé Jésù. N ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ń gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn.)

Kí la wá fẹ́ ṣe sí àwọn ìlérí? Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bọlá fún bàbá àti ìyá rẹ kí ọjọ́ rẹ lè pẹ́. Ìbẹ̀rù Olúwa ń mú kí ọjọ́ gùn. Bí ìgbésí ayé ṣe máa ń lọ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń sọ: ẹni tó gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu, tí kì í mutí para, tí kì í bá ẹni ẹlẹ́ni jà, ewu tó ń sá fún kò kéré. Àmọ́ Bíbélì kan náà ló sọ nínú Oníwàásù 7:15 pé olódodo kan lè ṣègbé nínú òdodo rẹ̀, kí ẹni burúkú sì pẹ́ láyé nínú ìwà burúkú rẹ̀. Méjèèjì ló wà nínú ìwé, kò sì yẹ ká mú ọ̀kan ká jù èkejì nù.

Orí kan ṣoṣo tó dùn-ún fi ṣàlàyé èyí ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 12. Hẹ́rọ́dù fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù, gbólóhùn kan péré ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó tún mú Pétérù, áńgẹ́lì wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún un, ọ̀pọ̀ ẹsẹ ni wọ́n fi ròyìn tiẹ̀. Ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì, Olúwa kan náà ni wọ́n ń sìn. Lúùkù tó kọ ìwé náà ò sọ níbì kankan pé ìgbàgbọ́ Jákọ́bù ló kéré.

Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kí àwa tó kù máa wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri lára ẹni tó kú ní kékeré. Wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá Jésù nínú Lúùkù 13, lórí àwọn ará Gálílì tí Pílátù pa, òun fúnra rẹ̀ sì fi àwọn 18 tí ilé ìṣọ́ Síláómù wó pa kún un. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn yẹn ló pọ̀ ju ti àwọn tó kù nílùú lọ. Ó ní rárá o, àmọ́ bí ẹ̀yin náà ò bá ronú pìwà dà, ẹ máa ṣègbé. Ó gbé ọ̀rọ̀ kúrò lórí òkú, ó gbé e sórí àwọn tó ń béèrè.

Àṣìṣe kejì wà lódìkejì: ti àwọn tó gbà pé òpin ti dé tán, tí wọ́n wá káwọ́ gbera. Àwọn kan ṣe bẹ́ẹ̀ ní Tẹsalóníkà. Wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń tojú bọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kiri. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí wọn kò ní ṣúgà nínú: ẹni tí kò bá fẹ́ ṣiṣẹ́, kó má jẹun. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ oníwàásù kan tó ń jẹ́ William Miller fọkàn sí i pé Jésù máa dé ní ọjọ́ 22 oṣù October ọdún 1844. Àwọn àgbẹ̀ kan láàárín wọn fi irè oko sílẹ̀ láìkórè rẹ̀. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bí ilẹ̀ ṣe máa ń mọ́, wọ́n sì ń pe ọjọ́ yẹn ní Ìjákulẹ̀ Ńlá títí dòní. Jésù kúkú ti sọ ọ́ ṣáájú pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ àti wákàtí náà. Nígbà tó sì fẹ́ ṣàpèjúwe ìránṣẹ́ tó ṣe tán, nínú Mátíù 24, iṣẹ́ tó ní ọ̀gá bá lọ́wọ́ rẹ̀ ni pípín oúnjẹ fún àwọn ará ilé lásìkò. Ọ̀gá dé, ó bá a nídìí oúnjẹ, ó sì pè é ní alábùkún.

Ìwé Jákọ́bù orí 4 ni wọ́n sábà máa ń fi dẹ́rù ba ẹni tó ń ṣètò. Ẹ gbọ́ báwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́: lónìí tàbí lọ́la a máa lọ sí ìlú báyìí, a máa lo ọdún kan níbẹ̀, a máa ṣòwò, a máa jèrè. Ọjọ́ ìrìn ti wà, ìlú ti wà, èrè pàápàá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ẹni tó ni èémí tí wọ́n fẹ́ fi rìn nìkan ni wọn ò dárúkọ. Jákọ́bù rán wọn létí pé ìkùukùu ni wọ́n, àmọ́ kò ní kí wọ́n má lọ. Ó ní kí wọ́n máa sọ pé, bí Olúwa bá fẹ́, a máa wà láàyè, a ó sì ṣe èyí tàbí ìyẹn. Rírò ni tèèyàn, ṣíṣe ni t'Ọlọ́run. Rírò náà ṣì jẹ́ tèèyàn, kò sẹ́ni tó ní ká jáwọ́ nínú rẹ̀. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi "bí Ọlọ́run bá fẹ́" dá ẹni tẹ́ ò fẹ́ lọ kí lóhùn, ẹ rọra o.)

Pọ́ọ̀lù náà ṣètò. Ó kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù pé òun fẹ́ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá sí Sípéènì. Bíbélì ò sọ bóyá ó débẹ̀. Àmọ́ lẹ́tà tí ètò yẹn wà lára ohun tó mú un kọ ṣì wà lọ́wọ́ wa. Jósẹ́fù kó ọkà jọ fún ọdún 7 gbáko, kò sí ẹni tó bá a wí. Ọlọ́rọ̀ inú Lúùkù 12 fẹ́ kọ́ àká tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run pè é ní òmùgọ̀, ó sì kú lóru ọjọ́ yẹn. Àká náà kọ́ ló fa wàhálà. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kà: irè mi, àká mi, ọkà mi, ọkàn mi. Aládùúgbò kan ṣoṣo ò wọ inú ìjíròrò yẹn. Ti Jósẹ́fù, gbogbo ayé ló wá jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ ètò wò nìyí: bí wọ́n bá gé e níbi tó dé lónìí, ṣé ohun tó ti wà nílẹ̀ jẹ́ ìgbọràn sí Ọlọ́run? Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ di dókítà, tó wá kú lọ́dún kẹta. Bí kò bá jíwèé wò nínú ìdánwò, tó ń ṣàlàyé fún ẹni tí iṣẹ́ ò yé, tó ń fọ̀wọ̀ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n ní kó yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé ẹ̀rí nìkan ni kò rí gbà. Ó ti ń sin Olúwa nínú iṣẹ́ yẹn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ wá fi wé ẹni tó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi màgòmágó kó owó jọ ná. Tí mo bá ti rí jájẹ, màá wá di olóòótọ́, màá máa ṣàánú." Bí ẹ̀mí bá bọ́ lágbedeméjì, màgòmágó nìkan ló kù nínú ètò náà. Ètò ti àkọ́kọ́ lè dúró níbikíbi. Ètò kejì nílò ọ̀la kan tí kò sẹ́ni tó ṣèlérí rẹ̀ fún un.

Ẹnì kan lè ní: bí gbogbo rẹ̀ bá máa dúró lágbedeméjì, kí wá làǹfààní rẹ̀? Pọ́ọ̀lù ò fojú kéré ìbéèrè yẹn. Nínú 1 Kọ́ríńtì 15, ó gbà pé bí òkú ò bá ní jíǹde, ká máa jẹ, ká máa mu, torí ọ̀la la máa kú. Orí àjíǹde Kristi ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ kà. Ibi tó fi parí orí náà sì ni pé kí wọ́n dúró gbọn-in, kí wọ́n máa pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ Olúwa, torí làálàá wọn kì í ṣe asán. Ẹni tó bá yọ àjíǹde kúrò nínú ẹ̀kọ́ yìí, ìmọ̀ràn bí a ṣe ń lo àkókò lásán ló kù sí i lọ́wọ́, ìyẹn ò sì nílò Kristẹni kó tó yéni.

Ó wá ku ohun tó ṣeé sún síwájú àtohun tí kò ṣeé sún. Ilé kíkọ́ ṣeé sún, ìrìn àjò ṣeé sún. Gbèsè tówó rẹ̀ wà lọ́wọ́, ìjà tí a mọ̀ pé àwa la jẹ̀bi rẹ̀, ìpinnu láti tẹ̀ lé Kristi fúnra rẹ̀: ìwọ̀nyí la kì í fi fòní dónìí fọ̀la dọ́la. Jákọ́bù parí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò rẹ̀ síbẹ̀ náà ni, pé ẹni tó bá mọ rere tí kò ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún un.

Ìwé ìhágún wà lára rẹ̀. Kristẹni pọ̀ tó ń sá fún un bíi pé ẹni tó bá kọ ọ́ ti ránṣẹ́ pe ikú. N ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i, torí inú Bíbélì kọ́. Ábúráhámù pín nǹkan fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè. Jésù, lórí àgbélébùú, fa ìyá rẹ̀ lé ọmọ ẹ̀yìn kan lọ́wọ́. Nígbà tí ìwé Hébérù fẹ́ mẹ́nu kan ìgbàgbọ́ Jósẹ́fù, kò mú ti ẹ̀wọ̀n, kò mú ti àlá. Àṣẹ tó pa nípa egungun rẹ̀ nígbà tó fẹ́ kú ló mú. Nítorí náà, kọ orúkọ ẹni tó máa tọ́jú àwọn ọmọ rẹ. Kọ ohun tí o jẹ àti ẹni tó jẹ ọ́. Jẹ́ kí ẹnì kan tó ṣeé fọkàn tán mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ àti ìwé báńkì wà. Kí o wá lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí dókítà ní kí o wá ṣe. Pọ́ọ̀lù gba Tímótì nímọ̀ràn lórí inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì ní kó fi àdúrà nìkan yí i.

Pọ́ọ̀lù yẹn náà ló fi bí gbogbo rẹ̀ ṣe ń rí hàn jù, nínú 2 Tímótì 4. Ẹ̀wọ̀n ló wà. Ó ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé àkókò àtilọ òun ti tó, òun ti parí eré ìje. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ á rò pé lẹ́tà ti parí nìyẹn. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́: kí Tímótì bá òun mú aṣọ òtútù tóun fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kápù ní Tíróásì, kó mú àwọn ìwé náà dání, pàápàá àwọn ìwé awọ, kó sì gbìyànjú kó dé kí ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń retí idà ṣì fẹ́ kàwé, kò sì fẹ́ kí òtútù mú òun. Ó tún ní kí Tímótì mú Máàkù wá, ó ní ó wúlò fún òun nínú iṣẹ́. Máàkù yìí ló já Pọ́ọ̀lù àti Bánábà sílẹ̀ ní Panfílíà lọ́jọ́ kìíní àná, tí àwọn méjèèjì fi bára wọn jà títí wọ́n fi pínyà. Ìgbà tí ìjà yẹn tán, Bíbélì ò sọ. Ṣùgbọ́n kò dúró di ọjọ́ ikú Pọ́ọ̀lù kó tó tán.

Ẹni tí dókítà ti sọ pé ó ku oṣù mélòó kan fún ńkọ́? Kó gbàdúrà ìwòsàn bí Hesekáyà ṣe gbà á, kó sì palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan náà. Èkíní ò ta ko èkejì. Àwọn ará ilé ló sábà máa ń dí i lọ́wọ́: bó bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìsìnkú rẹ̀ tàbí nípa àwọn ọmọ, wọ́n á ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́," á sì gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Ẹ mú bírò, ẹ bá a kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ tún bá a gbàdúrà. Bí ara rẹ̀ bá yá, ìwé yẹn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Á kàn yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó ń bọ̀, á tún ibi tó bá yẹ ṣe.